Ẹ̀kọ́ Wa: Bí Rọpárọsẹ̀ Bá Kọlu Ẹnìkejì Wa Lọ́jà

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan dìde, ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Elélùbọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí gbogbo wa lè fi kọ́gbọ́n. Ìyá Elélùbọ́ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì mi orí pé kí a kọ ọ́. Nítorí náà kì í ṣe òfófó ni a ń ṣe o. A ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ọjà ni. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan, ni òṣùwọ̀n bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, èlùbọ́ dà sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a ní bóyá oorun ló ń kùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti kó o, kò lè dìde mọ́. Nígbà tó yíjú sí wa, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún ti rọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ lọ sí òsì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò dáa. Ẹnìkan da omi tútù lé e lórí. Ẹnìkan gbé epo pupa wá, ó ní kí a fi ṣíbí la eyín rẹ̀ kí a rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní ayé ló ta á lọ́fà, nítorí pé àlàáfíà ló jí láàárọ̀, ó ní ilé ni kí a gbé e lọ kí a lọ wádìí. Àwa tó kù ń jiyàn bóyá kí a dúró de ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó lọ sóko. Ọmọdé inú wa kan tó ń ta káàdì fóònù ló pariwo mọ́ wa pé báyìí náà ni wọ́n ṣe dúró títí tí ìyá òun fi kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé kí a gbé e sínú mọ́tò. Ọmọ tí gbogbo wa ń pè ní aláfojúdi ni ọmọ yẹn. Òun ló ní ọgbọ́n lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa gbà á, wọ́n ṣe ohun tí agbára wọn ká, wọ́n sì ní kí a máa gbé e lọ sí Ìlọrin.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ wa wá sí ìpàdé wá là wá lọ́yẹ. Ó ní rọpárọsẹ̀ tí a ń pè ní ẹ̀gbà kì í ṣe àrùn apá, kì í sì í ṣe àrùn ẹsẹ̀. Inú orí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ ń jẹ bí àtùpà ṣe ń jẹ kẹrosíìnì. Bí kẹrosíìnì kò bá dé ibi òwú, iná á kú. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣẹlẹ̀: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ lè dí, tàbí kí ó bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ. Lójú àwa tí a dúró tì í lórí ilẹ̀ ọjà, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Dókítà pàápàá kò lè fojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àfi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, èyí tí wọ́n ń pè ní CT scan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan dí ni, oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà ká, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣan bẹ́ ni, oògùn yẹn kan náà lè pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi yín ní ilé ìwòsàn pé, “Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?” Kí ẹnìkan wo aago, kó sì fi sọ́kàn. Ìdí nìyẹn náà tí a kò fi gbọdọ̀ yọ aspirin láti inú àpò wa fún un, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ẹlòmíràn. Ní ti epo pupa, àgbo àti omi, nọ́ọ̀sì ní ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè má lè gbé nǹkan mì mọ́, ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, wá mọ́tò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, kí ẹ wo bóyá ọ̀kan ń já bọ́. Ẹ ní kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ.

Ti Ìyá Elélùbọ́, àwòrán fi hàn pé iṣan ló bẹ́, lápá òsì ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ti kóra jọ síbẹ̀, ó ń tẹ ọpọlọ. Agbárí kì í ṣe àpò èlùbọ́ tí a lè kì títí tí yóò fi fẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ọpọlọ ni yóò gbà fún un. Dókítà ní àfi kí wọ́n la orí, kí wọ́n gbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kúrò.

Ha! Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà kò kéré. Ìdajì nínú wa ní kí wọ́n má là á, pé ẹni tí wọ́n bá la orí rẹ̀ ti lọ nìyẹn. A kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, tí wọ́n bí ní 1927, lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ yanjú. Ó padà wálé ní 1962, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH ní Ìbàdàn. Ọdún 1974 ni ó kú, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí àwọn ọmọ wa ti ń la orí tí wọ́n sì ń dì í padà. Ká ní a mọ èyí lọ́jọ́ náà, ẹkún wa kì bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà kò tàn wá. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan bẹ́ ni wọ́n ń la orí fún, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fi oògùn àti àmójútó wò. Ó ní ti ìyá yìí, iṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò ní dá apá àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan. Ó lè kú síbẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ ìka sórí ìwé. Àwa dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti owó, àpò ẹgbẹ́ kò tó. Arábìnrin tó kàn láti kó àjọ lóṣù náà yọ̀ǹda rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́ fi ra páànù. A kò ní dárúkọ òun náà, ó ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún bèèrè ẹ̀jẹ̀. Àwa àgbà kan nà án lọ́wọ́, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, wọ́n ní kí àwa fúnra wa lọ rí dókítà. Àwọn ọmọ aláàárù méjì àti àbúrò wa méjì ni wọ́n gba tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ènìyàn mẹ́rìnlá ni a ya wọ ilé ìwòsàn bí ẹni lọ síbi òkú àgbà. Nọ́ọ̀sì lé wa jáde, ó sì tọ́ sí wa. Lẹ́yìn náà ni a pín in ní méjì méjì, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè máa rí oorun sùn. Iṣẹ́ ẹni tó bá kàn kì í ṣe kí ó jókòó máa gbàdúrà nìkan o. Ní wákàtí méjì méjì ni a ń bá wọn yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. A kì í fa apá tó rọ láti gbé e dìde, torí pé èjìká lè yẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó lè jẹun lẹ́nu, a ó gbé e jókòó dáadáa, a ó fún un ní díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ òsì kan orí rẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n ti fá a, ó sunkún títí. Ẹnìkejì wa tó ń ta aṣọ mú gèlè funfun rírọ̀ kan lọ fún un. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná tí dókítà gbà, ó bá a wé e. Lójú tiwa, gèlè yẹn ṣe ju oògùn kan lọ.

Wàyí o, ohun tí a tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí gan-an nìyí.

Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lọ. Ẹnìkan wa wá kí i, ó dúró lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ jáde pé, “Èyí ti di ọ̀dẹ̀. Ta ni ẹ ó gbé ìsọ̀ rẹ̀ fún?” A wo ojú Ìyá Elélùbọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nọ́ọ̀sì wa sọ ìtàn kan fún wa nípa èyí. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn fún ogún ọdún ó lé, tí kò lè sọ ju “tan” lọ. O bi í léèrè, á ní, “Tan, tan.” Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, ọwọ́ ló sì fi ń ṣàlàyé. Nígbà tó kú ní 1861, dókítà kan tí ń jẹ́ Paul Broca wo ọpọlọ rẹ̀, ó rí i pé ibì kan ló bàjẹ́, níwájú lápá òsì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, òun náà ló sì ń darí apá ọ̀tún ara. Nítorí náà ọ̀rọ̀ lè lọ kí ọgbọ́n wà nílé. Ó dà bí ìsọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há: ọjà wà nínú rẹ̀, ọ̀nà àtikó o jáde ni kò sí. Àwọn kan wà o, tí gbígbọ́ èdè pàápàá ń ṣòro fún, ti oníkálukú yàtọ̀. Ìyá Elélùbọ́ ń gbọ́.

Wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Kí a má pariwo, kò dití. Kí a bi í ní ohun tó lè fi orí dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Kí a fi nǹkan hàn án: iṣu nìyí, aṣọ nìyí. Lẹ́yìn tí a bá bi í, kí a dákẹ́, kí a ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú wa kí a tó tún lanu. Èyí ló nira fún wa jù! Àwa ọlọ́jà kì í dákẹ́. Kí a sì má máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àbúrò wa kan wọlé, ó ní, “Òkun o, Ìyá.” Ìyá Elélùbọ́ dáhùn, ketekete, “Òkun o.” Àbúrò wa ju àwo ọbẹ̀ sílẹ̀. A pè é kó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kò lè sọ ọ́. A bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá wa kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. A rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Nọ́ọ̀sì ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń rí bẹ́ẹ̀: kíkí, orin, àdúrà àti kíka ení-èjì, àwọn ohun tí ẹnu ti mọ́ láti kékeré, máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ tí a ń fi orí ṣà bá lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara ń yára padà jù, pé kí a má fi àsìkò náà ṣeré, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn rẹ̀ náà ara kò dẹ́kun àtikọ́.

Ọ̀rọ̀ gbèsè wá délẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ kò lọ sílé ìwé, orí ló fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ wà nínú orí tí wọ́n là, ọmọ rẹ̀ kò mọ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ owó oògùn ń pè. Bí a bá ní, “Ta ló jẹ ọ́ lówó?” kò lè dáhùn. A wá jókòó, a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń pàtẹ lọ́jà wa àti àwọn oníbàárà rẹ̀, ìlà sí ìlà. Ọ̀sán mẹ́ta ni a fi kà á fún un. Orúkọ kan, a dákẹ́. Ó mi orí tàbí ó gbọn orí. Níbi tó bá ti mi orí, a ó máa ka owó lọ sókè títí tí yóò fi gbé ìka òsì sókè. Ẹni mọ́kànlá ló jáde. Láàárín rẹ̀, ó mú ìwé náà lọ́wọ́ wa, ó ń fi ìka lu àyà ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa: ó ń sọ àwọn tí òun náà jẹ lówó. Àgbẹ̀ méjì ni, tó ti gba èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn láwìn. Ẹ wo ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀dẹ̀!

Ẹni mẹ́wàá gbà láìjiyàn. Ẹnìkan sẹ́. Ó ní ṣé orí tí wọ́n la ni a ó fi dá òun lẹ́jọ́. A ò bínú, nítorí ìbéèrè náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A dúró ọ̀sẹ̀ méjì. A tún ìwé náà tò, a da orúkọ rú, a fi orúkọ ẹni tó ti kú sí i àti ti àwa akọ̀wé tí a kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. A pe ẹni tó sẹ́ náà kó wá jókòó. A kà á. Ìyá Elélùbọ́ gbọn orí sí òkú, ó rẹ́rìn-ín sí tiwa, nígbà tí a dé orúkọ ẹni yẹn, ó mi orí, ó sì dá wa dúró níbi iye owó kan náà. Obìnrin náà dìde, kò sọ̀rọ̀. Ó ti san ìdajì. Ìdajì kù, ó sì mọ̀ pé a mọ̀.

Ní ti ìsọ̀, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a fún ẹlòmíràn, torí owó ilẹ̀ kò wọlé. A jà sí i, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé àyè òun ṣì wà yóò fẹ́ dìde láti lọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbà níkẹyìn pé kí a má gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po, kí a máa bá a gbá ibẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa tà díẹ̀.

Oṣù kẹjọ ló padà wá jókòó. Ọwọ́ òsì ló fi ń wọn èlùbọ́ báyìí, títí di ọ̀sán nìkan, torí ó ń tètè rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn á kàn bú sẹ́kún tàbí kó rẹ́rìn-ín láìnídìí. Kì í ṣe wèrè o, ara àìsàn náà ni. Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ń yà fún un bí ẹni pé ó ń ran ènìyàn, rọpárọsẹ̀ kì í ràn.

Ohun tó fà á? Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lo oògùn, ara yá, ó jáwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ibi tó ti ń tan ènìyàn nìyẹn. Bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n fún yín tó ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ má sì fi oògùn sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà àti ti Gánà ṣe ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018. Wọ́n wo àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú tó lé ní 2,000, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbawájú. Àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, àìjẹ ewébẹ̀ tó, ìdààmú ọkàn àti sìgá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí gbé owó lé ẹ̀fọ́ o.

Nọ́ọ̀sì wa yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyá Elélùbọ́ ni yóò kọ́kọ́ na apá.

A ti ka ìwé yìí sí i létí kí a tó gbé e fún atẹ̀wé. A ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ẹni mẹ́wàá ló jẹ ẹ́ lówó. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dúró, àwa náà dákẹ́, a ń kà nínú wa. Ó ní, “Mọ́... mọ́kànlá.” A ti tún un ṣe.